Ẹsẹ̀ Ni Wọ́n Fi Ń Wá Ẹni Tó Sọnù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Ijagba ni ẹ ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí náà bí ó bá gùn jù, ẹ̀bi yín ni. Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ irú iṣẹ́ tí mo ṣe l'Ékòó fún ọdún márùndínlógójì, kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ ó yàn. Adéṣọlá, tó ń lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ l'Ékòó lóṣù tó ń bọ̀, tún bẹ̀ mí pé kí n kọ bí àlejò ṣe ń ṣe é tí kì í fi í sọnù ní ibùdókọ̀ rélùwéè, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kan bọ́ sínú òmíràn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò jìnnà síra. Irú ibùdókọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo sì ti sọ ìyá mi nù.

Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ pé oníbẹ̀rù ni mí. Bí mo bá ti ìlẹ̀kùn, mo máa ń padà lọ fà á wò lẹ́ẹ̀mejì. Bí mọ́tò yóò bá gbéra ní Ọ̀wọ̀ láago mẹ́jọ, láago mẹ́fà ni mo ti jókòó sí gáréèjì. Àwọn kan ní ìbẹ̀rù kì í jẹ́ kí ènìyàn ṣe ohun gidi láyé. Èmi ò mọ̀. Ìbẹ̀rù yẹn ni mo fi jẹun, torí ẹni tí ẹ̀rù ń bà ló máa ń rántí pé ẹ̀rù ń ba ẹlòmíràn náà.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò lọ́rọ̀ nínú. Mo jáde ìwé mẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba mú mi lọ síbẹ̀, wọ́n ní kí n ka ìwé ìròyìn sókè, mo kà á, wọ́n ní ohùn mi já geere. Owó oṣù máa ń wọlé nígbà mìíràn, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ a ó máa retí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀. Iṣẹ́ olùkéde ni wọ́n fún mi: kí n máa sọ fún àwọn èrò ọkọ̀ tó ń bọ̀, ibi tó ń lọ, àti pèpéle tí wọn yóò ti wọ̀ ọ́.

Ọ̀gá tó kọ́ mi, Bàbá Aago ni à ń pè é, nítorí aago àpò kan tí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Àkókó ni, kúkúrú bíńtín, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tó ń gbàdúrà ìdákẹ́jẹ́ lọ títí tó fi máa gbé ẹnu sí máìkì. Nígbà tó gbọ́ pé ọ̀dọ̀ wa ni mo ti wá, ó ní, "Ọmọ Ọ̀ghọ̀, o káàbọ̀," ó pe Ọ̀wọ̀ bí àwa fúnra wa ṣe ń pè é. Inú mi dùn, mo ní mo ti rí bàbá. Àṣé mo ti rí ìjàngbọ̀n.

Oṣù mẹ́ta gbáko, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan máìkì. Rírìn ni mò ń rìn. Láàárọ̀, yóò ní kí n rìn láti ẹnu géètì dé pèpéle kẹrin kí n wá sọ iye àkàsọ̀ tó wà lójú ọ̀nà. Bí mo bá ṣì í kà, mo tún padà nìyẹn. Ó ní, "Ẹnu tí kò bá tíì rìn débẹ̀ kò gbọdọ̀ júwe ọ̀nà." Bí mo bá pẹ́ dé ní ìṣẹ́jú kan, kò ní bá mi wí, yóò kàn gbé aago yẹn síwájú mi títí oúnjẹ ọ̀sán. Mo sunkún nílé ìgbọ̀nsẹ̀ ibùdókọ̀ yẹn ju bí mo ṣe sunkún nígbà tí mo ń bímọ lọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó ní kí n kọ ìkéde, mo kọ ọ́ dáadáa: "Ẹ̀yin tó ń lọ sí pèpéle kẹta, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ yà sí ọwọ́ ọ̀tún." Ó kà á, ó ká ìwé náà sápò. Ó wá gbé àpò gàárì kan rù mí, ó ní kí n lọ wọ ọkọ̀ ní ibùdó tó ṣáájú, kí n sọ̀ kalẹ̀ níbí bí àlejò, kí n sì ṣe ohun tí mo kọ gẹ́lẹ́. Mo sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀, mo yà sí ọ̀tún pẹ̀lú ẹrù lórí. Ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkùnrin ni mo bá ara mi. Bàbá Aago ti dúró síbẹ̀ dè mí, aago lọ́wọ́.

Ó ní, "Pèpéle kẹta rèé?"

Mo ní, "Rárá, sà."

"Ọ̀tún ta ni o kọ? Ọ̀tún ẹni tó jókòó síwájú ọkọ̀ ni àbí ti ẹni tó wà lẹ́yìn? Má sọ ọ̀tún, má sọ òsì fún àlejò mọ́ láyé rẹ. Ohun tí ojú rẹ̀ máa rí ni kí o sọ."

Láti ọjọ́ yẹn, "ẹ máa wo táǹkì omi" ni mo ń sọ, "ẹ kọjá lábẹ́ aago ńlá." Adéṣọlá, ìwọ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o yà sí ọ̀tún, bi í pé kí ni wàá rí níbẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ó jẹ́ pé òun náà kò tíì débẹ̀ nìyẹn. Lọ bá ẹlòmíràn. Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ó dá lórí ẹni tó bi.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Aago kan wà tí mi ò kà sí nígbà náà. Bí ọmọ tàbí arúgbó bá sọnù ní ibùdókọ̀, àwọn olùkéde tó kù á máa pe orúkọ rẹ̀ ní máìkì. Òun kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò dìde lórí àga, yóò fi fìlà dé orí, yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ wá a. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé, "Ẹ ṣe ń da ara yín láàmú, sà, nígbà tí máìkì wà?" Ó ní, "Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wá ẹni tó sọnù, wọn kì í fi ẹnu wá a. Ojú l'ọ̀rọ̀ wà." Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà lásán ni. Ó fẹ̀yìntì, ó padà sí Àkókó, ó sì kú síbẹ̀ kí n tó mọ ohun tó ń wí.

Irinṣẹ́ ń yí padà. Agogo la kọ́kọ́ ń lù kí á tó gbé ẹnu sí máìkì, pátákó dúdú la sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ àkókò ọkọ̀ sí. Lẹ́yìn náà, dípò sípíkà kan ṣoṣo, wọ́n fi sípíkà sí gbogbo òpó. Nígbà tó ṣe, wọ́n kọ́ ọ̀nà irin tuntun fún ọkọ̀ tó ń ná inú ìlú, wọ́n sì fi afárá so ó pọ̀ mọ́ pèpéle ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn tiwa. Ibùdókọ̀ wa di oríta. Ìwé tíkẹ́ẹ̀tì di káàdì tí wọ́n ń fi kan géètì. Àwa olùkéde bọ́ sínú yàrá onígíláàsì lókè, àṣẹ sì dé pé olùkéde kò gbọdọ̀ fi àga sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ojoojúmọ́ ni ẹ̀rù ń bà mí nínú yàrá yẹn. Mò ń rí orí àwọn èèyàn láti òkè, mi ò rí ojú wọn.

Ọdún díẹ̀ ṣáájú ìfẹ̀yìntì mi ni Màámi wá sí Ìbàdàn, wá bá Káyọ̀dé àbúrò mi tọ́jú ọmọ tuntun. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, kò sì tíì wọ ọkọ̀ ojú irin rí. Káyọ̀dé ní òun yóò fi í sínú ọkọ̀ ní Ìbàdàn, kí n gbà á ní Èkó. Mo sọ fún Màámi lórí fóònù pé, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ dúró síbi tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ sí gan-an. Èmi ni n ó wá bá yín." Ó ní òun ti gbọ́. Mi ò sùn dáadáa mọ́jú ọjọ́ náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ìwé dé sórí tábìlì mi pé ọkọ̀ Ìbàdàn kò ní wọ pèpéle kìíní mọ́, pèpéle kejì ni. Èmi náà ni mo kéde rẹ̀. Mo ní kí ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́ tètè wá gba àga kí n sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà nídìí oúnjẹ. Nígbà tó fi dé, ọkọ̀ ti wọlé. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀. Pèpéle kejì ti ṣófo. Wọ́n ti ní kí gbogbo èrò kúrò níbẹ̀ torí ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀. Mo pe fóònù rẹ̀, fóònù náà ti kú. Mo wo ìsàlẹ̀ afárá, mo wo ẹnu géètì, mi ò rí arúgbó kankan tó wé gèlè aláwọ̀ ewé tí Káyọ̀dé ní ó wé.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n máa rìn lọ. Ohun tí mo ṣe ni pé mo sáré padà sí yàrá gíláàsì. Ọ̀gá wa tuntun wà níbẹ̀, ó ní kí n fi ẹ̀rọ wá a, orúkọ bó ṣe wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹnìkejì mi dìde fún mi, ó padà sídìí oúnjẹ rẹ̀, mo gbé ẹnu sí máìkì. Mo fi ohùn iṣẹ́ mi sọ ọ́: "Dọ́káàsì Fọláyan. Dọ́káàsì Fọláyan. Dọ́káàsì Fọláyan. Ẹ wá sí kọ́ńtà ìbéèrè."

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Ijagba, ẹ ti mọ ohun tí mo ṣe. Ta ló ń pe orúkọ ìyá rẹ̀? Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, Ìyá Bọ́sẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè é, àní pásítọ̀ pàápàá. Ta ló sì ń dáhùn nígbà tí ohùn bá pe orúkọ rẹ̀ tí kò rí ẹni tó pè é? Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, pé bí mo bá wà nínú oko tí mo gbọ́ orúkọ mi, kí n má dáhùn, kí n kọ́kọ́ lọ wo ẹni tó ń pè mí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi ni mo jẹ́ kí tèmi já bọ́ sórí ìyá mi láti òkè.

Kò wá. Mo tún pè é. Mo tún pè é. Nígbà tí kò wá, mo ní kí wọ́n tẹ àwọn ibùdó tó kù lójú ọ̀nà ìlú láago, kí àwọn náà máa pè é. Ibùdó mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í pe Dọ́káàsì Fọláyan. Mo jókòó, mò ń wo orí àwọn èèyàn nísàlẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Bàbá Aago sọ sí mi lọ́kàn. Mo bọ́ bàtà gíga lẹ́sẹ̀, mo dìde.

Ọ̀gá ní, "Ìyáàfin, ẹ̀yin náà mọ òfin. Ẹ ò gbọdọ̀ kúrò níbí."

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ẹ kọ ìwé kúẹ̀rì sílẹ̀ dè mí."

Mo wọ ọkọ̀ ìlú. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan mo ń sọ̀ kalẹ̀, mo ń rin pèpéle láti orí dé ìdí, mo ń wo ojú gbogbo arúgbó, mo tún ń wọ ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ní ibùdó kìíní, kò sí. Ní ìkejì, mo rí gèlè aláwọ̀ ewé, mo sáré bá a, kì í ṣe òun. Ní ìkẹta, olùkéde ń pe orúkọ rẹ̀ bí mo ṣe ń kọjá, ó sì ya èmi gan-an lẹ́rù. Mò ń gbàdúrà, mi ò mọ ohun tí mò ń sọ nínú àdúrà náà.

Ní ibùdó tó kẹ́yìn, tí gbogbo èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀, mo rí i. Ó jókòó sí bẹ́ńṣì tó wà ní ìkángun pátápátá, ó kẹ̀yìn sí mi, ó di àpò rẹ̀ mọ́ àyà. Mo pe, "Màámi." Kò yíjú. Mo tún pe, "Màámi, èmi ni." Èjìká rẹ̀ kàn súnkì, ó sì tẹ orí ba. Mo bá yí lọ síwájú rẹ̀, mo kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì.

Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ wò, bóyá ó kan ilẹ̀. Ó wá wo ojú mi pẹ́.

Ó ní, "Mú ọghọ́ ẹ wá."

Mo na ọwọ́ sí i. Ó dì í mú, ó fún un, ó já mi léèékánná títí mo fi ké. Ìgbà yẹn ló tó bú sẹ́kún.

Ó ní, "Mo gbọ́ ọ. Ohùn ọmọ mi ni, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ò pe orúkọ mi rí. Mo ní o ti kú, Bọ́sẹ̀. Mo ní o ti kú lójú ọ̀nà níbi tí o ti ń bọ̀ wá pàdé mi, ìwọ lò ń pè mí pé kí n máa bọ̀. Mo bá tẹ̀ lé èrò kí n lè sá fún un. Mo sá wọ ọkọ̀, ó tún ń pè mí níbi tí mo dé. Gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró, wọ́n ń pè mí."

Mo ní, "Iṣẹ́ mi ni, Màámi. Ẹ má bínú."

Ó wo sípíkà tó wà lórí òpó, ó tún wò mí. "Uṣẹ́ ẹ nìyí? Kí o máa pe ènìyàn tí o ò rí?"

A jọ jókòó síbẹ̀ títí ọkọ̀ mẹ́ta fi kọjá. Kò jẹ́ kí n jáwọ́ nínú ọwọ́ òun.

Kúẹ̀rì náà dé ní tòótọ́. Mo dá a lóhùn ní ìlà mẹ́rin, mo sì fi bí mo ṣe fẹ́ kí á máa kéde ẹni tó bá sọnù kún un: pé kí á pe ènìyàn bí wọ́n ṣe ń pè é nílé, kí á sọ ẹni tó ń wá a, kí á ní kó dúró sójú kan, nítorí ẹnìkan ti gbéra, ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ wá bá a. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo rí i pé ọ̀gá wa ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ máìkì. Ó sì fún wa ní àga kejì, kí ẹnìkan lè máa sọ̀ kalẹ̀ nígbà gbogbo.

Adéṣọlá, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn ọ́ nìyí. Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn, má tẹ̀ lé èrò. Ibi tí wọ́n ń lọ kì í ṣe ibi tí ò ń lọ. Dúró ti òpó kan títí pèpéle á fi fúyẹ́, kí o wá wo àwọ̀ tó wà lára pátákó, torí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Gba orí afárá. Káàdì tí o fi kan géètì tí o fi wọlé, òun náà ni wàá fi jáde, nítorí náà má fi í sísàlẹ̀ ẹrù. Má kọjá ìlà tí wọ́n kùn sí etí pèpéle. Ọkọ̀ ìlú kì í ṣe mọ́tò gáréèjì Ọ̀wọ̀ tó ń dúró kó kún. Ilẹ̀kùn rẹ̀ á pa dé mọ́ ọba àti ìjòyè. Bí ìwọ àti ẹnìkejì rẹ bá wà, tí ilẹ̀kùn pa mọ́ ọ̀kan síta, kí ẹni tó wà nínú sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdó tó kàn kó sì dúró, kí ẹni tó kù sì wọ ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e lọ bá a. Ẹ fẹnu kò sí i kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ẹni méjèèjì bá ń wá ara wọn káàkiri lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rù wọn ń bà mí.

Kí n tó fẹ̀yìntì, wọ́n ní kí n ka gbogbo ìkéde náà sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ yẹn ló ń sọ ọ́ báyìí. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ lónìí tí obìnrin kan ní kí ẹ máa wo táǹkì omi, èmi ni. Nígbà tí mo padà wálé tí mo sọ èyí fún Màámi, inú rẹ̀ kò dùn rárá. Ó ní, "Ohùn ẹ wà l'Ékòó, ìwọ wà nínú ulé níbí? Lọ mú un wá." Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Títí tó fi kú, bí mo bá pe "Màámi" láti ìta, kì í dáhùn àyàfi bí mo bá wọlé dé ibi tí ojú rẹ̀ ti tó mi, kó tó wá na ọwọ́ sí mi.

Ẹ bi mí bóyá iṣẹ́ yìí dára fún ọ̀dọ́. Ó dára, bí ẹ bá lè máa dìde lórí àga. Iṣẹ́ tó bá ní kí ẹ máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láìrí ojú rẹ̀, ẹ bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló sì pọ̀ jù nísinsìnyí.

Èmi nìkan ni mo kù nínú ilé Màámi báyìí. Nígbà mìíràn, tí mo bá ń fọ abọ́ lówùúrọ̀, mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, kedere: "Bọ́sẹ̀." Mi ò dáhùn, òun ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń nu ọwọ́ mi, màá dìde, màá lọ wò.